Omi Ni Kí Á Kọ́kọ́ Wò

Bí ẹja bá kú nínú kòtò, ta ni a máa ń dá lẹ́bi? Aládùúgbò ni. A ó ní ó da oògùn sí omi wa, tàbí pé àjẹ́ ló ṣe é. Ìjà dé nìyẹn. Èrò tèmi ni pé kí a tó fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, kí a wo omi náà ná.

Ẹ̀yin ará, ẹja ń mí bí àwa. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú omi ni ẹpìyà ń mí. Ní ọ̀sán, tí oòrùn bá ràn, àwọn ewé inú omi ń ṣe afẹ́fẹ́ yìí. Ní òru, wọn kì í ṣe é mọ́. Àwọn náà wá ń mí, ẹja ń mí, ìdọ̀tí tó ń jẹrà nísàlẹ̀ kòtò sì ń gba tirẹ̀. Nítorí náà, ìdájí ni afẹ́fẹ́ máa ń kéré jù lọ nínú omi. Bí ẹ bá rí ẹja tó yọ ẹnu sókè omi ní ìdájí, ebi kọ́ ló ń pa á. Èémí ló ń wá. Ẹni tó bá da oúnjẹ sí i nígbà yẹn ń fi kún ìyà rẹ̀ ni.

Àwọn kan á ní: "Àrọ̀ ni tèmi, àrọ̀ kì í bẹ̀rù omi ìdọ̀tí." Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Àrọ̀ lè gòkè wá mí afẹ́fẹ́ tí àwa náà ń mí. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bá a láàyè nínú ihò ẹja ní àfonífojì Wẹ̀mẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ ẹja àti àjẹkù oúnjẹ ń di oró nínú omi. Oró yìí ń ba ara ẹja jẹ́, kò sì ní jẹun mọ́.

Àwọn ará Táílándì ní ẹja kékeré kan tó ń jẹ́ betta. Ní 2019, ìjọba wọn fi í ṣe ẹja orílẹ̀-èdè. Òun náà ń mí afẹ́fẹ́ òkè bí àrọ̀, nítorí náà àwọn ènìyàn ń fi í sínú ìgò kékeré. Nínú omi púpọ̀ tó mọ́, tó sì lọ́wọ́ọ́wọ́, ó lè gbé ọdún 3. Nínú ìgò ẹlẹ́gbin, kì í pẹ́ kú.

Àrọ̀ tiwa lè gbé ọdún 8 nínú odò. Àwa kì í jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ọbẹ̀ ń dúró dè é! Ṣùgbọ́n nínú ìwọ̀nba oṣù tí à ń sìn ín, owó ilé-ìwé ọmọ wà níbẹ̀.

Ẹ má kó ẹja pọ̀ jù sínú kòtò kan. Ẹ fún wọn ní ìwọ̀n oúnjẹ tí wọ́n lè jẹ tán, lẹ́yìn tí oòrùn bá ti yọ. Bí omi bá ń rùn, ẹ gbọ́n díẹ̀ dànù, kí ẹ fi tuntun sí i. Ẹ ya àrọ̀ ńlá sọ́tọ̀, nítorí ó ń jẹ àwọn kékeré. (Ẹ ò rí i pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni olè ń kó ọmọ ẹja lọ.)

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń da oògùn apakòkòrò sí omi lóòótọ́. Iṣẹ́ ibi ni. Ṣùgbọ́n ó ní àmì tirẹ̀: àwọn kòkòrò inú omi àti ẹja wẹ́wẹ́ máa ń kú pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ pé èémí ló wọ́n wọn, àwọn ẹja ńlá ló sábà máa ń kọ́kọ́ kú, ní ìdájí.