Ọkọ̀ Ojú Omi Kò Ní Ibùdókọ̀: Ọ̀rọ̀ Ìgbafẹ́ Iléyá fún Àwọn Ọ̀dọ́ Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ iye tí wọ́n ń dá lé e. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi ni. Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé ará Fìdítì, tí ó jẹ́ pé ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni ayé mọ̀ wá mọ́, ni ó ń sọ̀rọ̀ òkun; ṣùgbọ́n bí ẹ bá fara balẹ̀ kà á, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti wọlé tọ̀ wá.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn tí a parí àsàlátù, àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa láti Fìdítì àti Ìlọrà kó ara wọn jọ. Wọ́n ní ní ọdún tí ó ń bọ̀ yìí, àwọn kò fẹ́ jókòó ti ìkòkò ẹran nìkan. Àwọn fẹ́ lọ gba afẹ́fẹ́ ní Èkó, kí àwọn wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí etíkun Tarkwa Bay, níbi tí mọ́tò kò lè dé. Wọ́n ti rí ọkọ̀ méjì lórí fóònù. Ọkọ̀ kìíní, owó rẹ̀ kò tó ìdajì owó ti èkejì. Ọkọ̀ àjùmọ̀wọ̀ ni. Ìrọ̀lẹ́ ni yóò gbéra, orin yóò máa dún, ọtí àti ẹran yíyan yóò wà níbẹ̀, wọ́n sì ṣèlérí pé wọn yóò fún olúkúlùkù ní gíláàsì ojú àti ọ̀pá tí a fi ń mí, kí ó lè dojú kọ abẹ́ omi kí ó máa wo ẹja. Ọkọ̀ kejì, ẹgbẹ́ ni yóò háyà rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Òwúrọ̀ ni yóò gbéra, yóò sì dá wọn padà kí oòrùn tó wọ̀.

Àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Àlàájì kan tí ó jẹ́ àgbà láàrin wa fi ìbínú dìde, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, Iléyá kì í ṣe ọdún ọtí! Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀kọ́kọ̀ nínú méjèèjì, kí ó má padà wá sí àsàlátù yìí mọ́.” Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin kúnlẹ̀, ó fi pẹ̀lẹ́ dá a lóhùn pé, “Bàbá, ẹ má bínú. Àwa kò sọ pé a fẹ́ mu ọtí. Àwọn tí ó bá fẹ́ mu á mu tiwọn, àwa á jókòó sí tiwa. Owó tí a ní ni à ń wò.” Ni gbogbo wọn bá kọjú sí mi pé kí n dá sí i. N kò dá sí i lọ́jọ́ náà. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè kí n rò ó. Ìdáhùn mi nìyí.

Lákọ̀ọ́kọ́, èmi kò sí lẹ́yìn Àlàájì, bí mo tilẹ̀ bọ̀wọ̀ fún un. Ìgbafẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí ó bá ka Kùránì rí yóò rántí bí Ọlọ́run ti ń mẹ́nu ba ọkọ̀ àti òkun léraléra, tí Ó fi wọ́n ṣe àmì fún àwọn tí ó ní làákàyè. Ọmọ tí a bí sí ìdí igi ọsàn, tí ó fẹ́ rí òkun tí Ẹlẹ́dàá rẹ̀ dá, kí ni ó ṣe? Bí a bá sì lé àwọn ọmọ wọ̀nyí, wọn kò ní ṣaláì lọ. Wọn yóò yọ́ lọ ni. Wọn yóò wọ ọkọ̀ tí owó rẹ̀ kéré jù, kò sì ní sí bàbá kan tàbí ìyá kan ní Fìdítì tí yóò mọ orúkọ ọkọ̀ náà, tàbí wákàtí tí ó yẹ kí ó gúnlẹ̀. Ọmọ tí ó bá fi ara pamọ́ fún wa, báwo ni a ó ti ṣe mọ ibi tí a ó ti wá a?

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ọmọbìnrin wa sọ, pé àwọn á jókòó sí tiwọn, òun ni ó bà mí lẹ́rù jù. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Bí mo bá wọ mọ́tò ní Fìdítì tí mò ń lọ sí Ìbàdàn, tí mo sì rí i pé awakọ̀ ti mutí, mo lè pariwo pé, “Ó tó, mò ń sọ̀ níwájú.” Bí wọ́n bá fẹ́ bí wọ́n bá kọ̀, ibùdókọ̀ kan ń bẹ níwájú. Nínú ọkọ̀ ojú omi, kò sí ibùdókọ̀. Ẹni tí ó bá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀, gbogbo ohun tí ọlọ́kọ̀ bá fẹ́ ni yóò bá a fẹ́ títí wọn yóò fi gúnlẹ̀. Ẹ rántí ìtàn Ànábì Yúnúsù, ọkọ̀ tí ó kún àkúnjù ni ó wọ̀, nígbà tí ó sì di dandan kí ó sọ̀ kalẹ̀, inú omi ni ó sọ̀ sí. Ànábì Ọlọ́run ni, Ọlọ́run sì yọ ọ́. Ta ni nínú wa tí ẹja yóò gbé mì tí yóò tún padà wá sọ ìtàn?

Mo ń sọ ohun tí ojú mi rí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n pè mí sí níkáà kan ní Èkó. Nígbà tí níkáà parí, wọ́n ní kí gbogbo àlejò wọ ọkọ̀ ojú omi lọ jẹun ní etíkun. N kò béèrè ohunkóhun. Mo rí aṣọ funfun lórí tábìlì, mo rí oúnjẹ, mo wọlé. Àárín ọ̀sà ni a dé kí n tó kà wá. Àwa méjìdínlógún ni a wà nínú ọkọ̀ náà. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, kò ju mọ́kànlá lọ, okùn sì ni wọ́n fi dì wọ́n mọ́ abẹ́ àga. Ọmọkùnrin tí ó ń wa ọkọ̀ ní ìgò lọ́wọ́. Àkókò Àsírì wọlé, mo ní kí wọ́n rọra ṣe kí a lè kírun; orin bo ohùn mi mọ́lẹ̀. Lórí ìjókòó ni mo ti kírun, n kò mọ ibi tí mo kọjú sí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, wà lórí itan mi láìsí ẹ̀wù kankan lọ́rùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èmi tí mo gbé e kò mọ bí a ti í lúwẹ̀ẹ́. Ọlọ́run kó wa yọ, a gúnlẹ̀ láyọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọgbọ́n mi ni ó kó wa yọ.

Ti àwọn ẹlòmíràn kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, àwọn tí ó ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ lóru wọ ọkọ̀ lórí odò Ọya ní agbègbè Pàtígì ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Ọkọ̀ náà dànù, àwọn tí ó kú lé ní 100. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ọkọ̀ tí ó kó bí 300 ènìyàn dànù ní Gbajibo ní agbègbè Mokwa ní Ìpínlẹ̀ Niger. Ayẹyẹ Mọ́líúdì ni ó kó wọn jọ, obìnrin àti ọmọdé ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Kò sí ọtí níbi Mọ́líúdì. Ẹ jẹ́ kí èyí yé wa, ẹ̀yin ará mi: omi kì í béèrè bóyá ibi rere ni a ń lọ. Ọkọ̀ tí ó kún jù yóò rì pẹ̀lú àwọn olùfọkànsìn bí ó ti ń rì pẹ̀lú àwọn ọ̀mùtí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti wíwo ẹja yìí. Eré náà dára ní ibi tí ó ti bá ilẹ̀ mu. Ní àwọn erékùṣù bíi Jàmáíkà, Barbados àti Bahamas, àti ní etíkun Belize, omi òkun mọ́ gaara, oòrùn ń wọ inú rẹ̀, òkúta iyùn sì wà nísàlẹ̀ tí ẹja aláràbarà ń gbé inú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn arìnrìn-àjò fi ń wọ ọkọ̀ fàájì lọ síbẹ̀. Ọ̀sà ti Èkó kò rí bẹ́ẹ̀. Odò Ògùn, tí ó ń ṣàn kọjá ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ tiwa níhìn-ín lọ sí Abẹ́òkúta, inú ọ̀sà Èkó ni ó ń dà sí, ó sì ń kó ẹrẹ̀ tí òjò gbá lórí oko wa lọ síbẹ̀. Iyùn kì í gbé inú ẹrẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi wíwo ẹja ta ọkọ̀ fún yín ní Èkó, nígbà òjò pàápàá, ẹ bi í léèrè pé ẹja wo. Ní Tarkwa Bay, òkúta tí àwọn òyìnbó tò sí ẹnu òkun láyé ìjọba wọn ń dá agbára ìgbì dúró, omi ibẹ̀ sì rọlẹ̀ ju ti àwọn etíkun yòókù lọ. Ó tó kí ènìyàn fi ẹsẹ̀ tẹ omi kí inú rẹ̀ dùn.

Ẹ má sì rò pé ọ̀pá ìmí ń kọ́ni ní ìlúwẹ̀ẹ́. Bí ìgbì kékeré bá gorí ọ̀pá náà, omi ni yóò wọ ẹnu dípò afẹ́fẹ́. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò yóò fẹ́ ẹ jáde; ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò bẹ̀rẹ̀ sí í já ara rẹ̀. Ẹni tí ó ń rì kì í sábà lè pariwo, nítorí pé èémí tí ì bá fi pariwo ni ó ń wá. Níbi tí orin ti ń dún, tí ilẹ̀ sì ti ṣú, tí ẹni tí ó yẹ kí ó máa ṣọ́ni ti mutí yó, ta ni yóò mọ̀ pé ẹnì kan kò gbé orí sókè mọ́?

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, ọkọ̀ kejì ni kí ẹ mú. Mo mọ̀ pé owó rẹ̀ pọ̀. Bí kò bá tó, ẹ sún ìrìn àjò náà síwájú. Ọdún Iléyá ti ọdún 2025 bọ́ sí ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà, nígbà òjò. Ìgbì òkun sì máa ń le ní àkókò yẹn. Kò sí òfin ẹ̀sìn tí ó ní ọjọ́ ọdún gan-an ni kí a wọ ọkọ̀. Ẹ máa dá owó pọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ìdí tí mo fi yan ọkọ̀ yìí ni pé ẹni tí ó bá háyà ọkọ̀ ni ó ní ẹnu ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan, ẹ pinnu lórí ilẹ̀ gbogbo ohun tí ẹ kò ní lè pinnu lórí omi. Ẹ bá ọlọ́kọ̀ sọ ọ́ pé ọtí kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, ti awakọ̀ náà kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ẹ béèrè bóyá ọkọ̀ náà ní ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ NIWA tàbí LASWA, tí ìjọba fi ṣe olùṣọ́ ojú omi. Ẹ ka ènìyàn, ẹ ka láìfù jákẹ́ẹ̀tì. Bí ẹyọ kan bá dín, kí ẹnì kan dúró sílé. Kí olúkúlùkù wọ̀ ọ́ kí ó sì dì í kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ẹ̀wù gbọ̀ọ̀rọ̀ tí ó bá mumi yóò wúwo bí òkúta. Ẹ wá ẹ̀wù ìlúwẹ̀ẹ́ tí ó fúyẹ́ tí ó sì bo ara, ó wà lọ́jà. Ẹ ṣètò ibi tí ẹ ó ti kí Súúrì àti Àsírì lórí ilẹ̀ ní etíkun, kí ẹ sì bi lémọ́ọ̀mù yín bí arìnrìn-àjò ti í ké ìrun kúrú. Kí ọkọ̀ padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó lọ, kí ẹ fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ lọ́wọ́ wa nílé.

Ẹ̀yin àgbà, ó ku tiwa. A máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àfáà wa pé Sàyídínà Úmárù gba àwọn òbí níyànjú láti kọ́ ọmọ wọn ní ìlúwẹ̀ẹ́. Mélòó nínú wa ni ó ṣe é? Àwa ń fi ìbínú dí ọ̀nà odò, a kò sì kọ́ wọn ní odò. Àlàájì mi, mo bẹ̀ yín, ẹ fà wọ́n mọ́ra. Ohun tí mo rò ni pé kí ẹnì kan nínú àwa àgbà bá wọn lọ, kí ó dúró ní èbúté, kí ó máa ka orí wọn bí wọ́n ti ń wọlé. Bí a kò bá rí ẹlòmíràn, èmi yóò lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, n ó ka ẹ̀wù kí n tó wo tábìlì oúnjẹ.

Wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò ní ìbátan pẹ̀lú. Kí Ọlọ́run Allah jẹ́ kí a lọ rere kí a bọ̀ rere, kí Ó má fi ọdún ayọ̀ ṣe ọdún ẹkún fún wa. Àmín. Mà sàláámù.