Kí Ọmọ Iṣẹ́ Tó Ṣáná, Ẹ Bo Ojú Rẹ̀

Bí ẹ bá sọ̀ ní ibùdókọ̀ Pleasure ní nǹkan bí aago méje alẹ́, tí ẹ yà kúrò lójú títì Abẹ́òkúta wọ àdúgbò, ẹ óò rí iná búlúù tó ń kọ mànà níwájú ṣọ́ọ̀bù jórinjórin kan. Ibẹ̀ ni mo ti ń kọ́ṣẹ́ láti oṣù mẹ́ta. Mo ti dàgbà kọjá ẹni tí yóò máa gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá fún ọdún mẹ́ta, mo sì ní iṣẹ́ ọ̀sán lọ́wọ́. Àwa mẹ́ta la jọ ń kọ́ ọ nírọ̀lẹ́. Ìyá aránṣọ kan wà nínú wa.

Iṣẹ́ náà dùn. Lọ́jọ́ kìíní, ṣe ni ẹlẹ́kitiróòdù mi ń lẹ̀ mọ́ irin bí ẹyẹ tó kó sí àtè. Ọ̀gá ní kí n má gún un mọ́lẹ̀, kí n ṣá a bí ìṣáná. Ó ní kí n fetí sí i: bó bá ń dún bí àkàrà nínú epo gbígbóná, ó ń jó dáadáa nìyẹn. Nígbà tí mo fi òòlù kékeré gbá èépá dúdú náà dànù, tí ojú ibi tí irin ti so pọ̀ yọ sí mi, tó tò léra bí ìpẹ́ ẹja, orí mi wú.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ojú ló gbé mi dé ibí. Lálẹ́ ọjọ́ kan, awò dúdú tí wọ́n ń tà lójú títì ni mo fi ṣiṣẹ́. Nígbà tó di aago méjì òru, ó dà bí ẹni pé wọ́n po ata mọ́ yanrìn, wọ́n dà á sí mi lójú. Omi ń dà, mi ò lè ṣíjú wo iná. Ìtànṣán tí ojú kò rí ló jó mi. Awò yẹn kò dúdú tó, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Ìbòjú tó bo ojú dé ọrùn, tí gíláàsì rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà 10 tàbí 11, ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́.

Àwọn ọ̀gá a máa sọ pé ojú á mọ́ ọn lára. Kò lè mọ́ ọn lára. Ewu rẹ̀ kò sì mọ sí ìrora ojú nìkan: ní ọdún 2017, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ka èéfín iṣẹ́ yìí àti ìtànṣán rẹ̀ mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ yín. Bí ẹ ṣe ń kọ owó ìkọ́ṣẹ́ sínú ìwé àdéhùn, ẹ kọ ìbòjú sí i. Ẹ wo ìrẹsì, àǹkárá àti ìlù tí à ń náwó sí lọ́jọ́ fríídọ̀mù. Díẹ̀ nínú owó yẹn tó ra ìbòjú lọ́jọ́ tí ọmọ wọlé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọdébìnrin tó ń kiri omi dúró, ó ń wo iná wa láìṣẹ́jú. Ìyá aránṣọ fi ọwọ́ bò ó lójú, ó fà á kúrò. Láti ọjọ́ náà, a máa ń gbé páànù àtijọ́ méjì dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì kí a tó tan ẹ̀rọ.