Wákàtí Ta Ni A Ń Lò?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a ń pe ara wa ní Kristẹni. Aago 7 ti lù, ẹ̀rọ ti ń yí, arákùnrin kan ṣì jókòó sẹ́yìn sítọ́ọ̀, ó ń ka Bíbélì. Ẹnì kejì rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ ẹni méjì. Pọ́ọ̀lù àpọ́sítélì pàápàá, iṣẹ́ àgọ́ pípa ló fi ń jẹun.

Ti ìṣọ́ òru ló ń bà wá lẹ́rù jù. Awakọ̀ kọrin títí ilẹ̀ fi mọ́, ó wá kó èrò bọ́ sí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Oorun kò mọ ẹni mímọ́ o! Òfin Iṣẹ́ ti 1974 fún wa ní odidi ọjọ́ ìsinmi kan láàárín ọjọ́ 7, ó sì fún ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìsinmi tí kò dín ní wákàtí kan lójúmọ́. Tiwa nìyẹn. Ẹ fi gbàdúrà, ẹ fi jẹun, ẹ fi sùn.

Ọ̀gá tó ń ṣíwájú àdúrà láàárọ̀, tó tún ń gba wákàtí yẹn lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, olè lòun náà. Ẹni tí wọ́n bá fi dù, kó wá rí akọ̀wé ẹ̀ka wa.