Egungun wa ò wúwo, adágún ni kò sí

1/ Lánàá mo gbé fídíò Alex Yee síbí, ibi tó ti lé Hayden Wilde, ọmọ New Zealand, bá ní Paris 2024, tó sì fi ìṣẹ́jú àáyá 6 péré gba wúrà. Ẹnìkan wá kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Eré òyìnbó nìyẹn. Egungun tiwa ti wúwo jù fún omi." Èèyàn bíi igba ló tẹ láìkì sí i. Ó dáa. Ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ wà ńlẹ̀.

2/ Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: triathlon ni eré mẹ́ta nínú ẹyọ kan. Ní Òlíńpíìkì, wàá lúwẹ̀ẹ́ 1,500 mítà, wàá jáde lómi, wàá gun kẹ̀kẹ́ 40 kìlómítà, wàá tún wá fẹsẹ̀ sá 10 kìlómítà. Kò sí ìsinmi láàárín. Kódà aago ń kà nígbà tí o bá ń pààrọ̀ bàtà.

3/ Ìlú Ọba ló ní àmì ẹ̀yẹ jù nínú eré yìí ní Òlíńpíìkì: 11 ni, wúrà sì ni 4 nínú rẹ̀. London 2012, Rio 2016, Tokyo, Paris, kò sí èyí tí wọn ò ti mú wúrà délé. Ti Tokyo jẹ́ ti ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni-mẹ́rin, ọkùnrin méjì, obìnrin méjì. Mo pàtẹ́wọ́ fún wọn. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bèèrè ibi tó ti wá.

4/ Tó bá jẹ́ pé inú ẹ̀jẹ̀ ló wà, ẹ bá mi ṣàlàyé eléyìí. Sydney 2000 ni triathlon kọ́kọ́ wọ Òlíńpíìkì. Ìlú Ọba mú òdo. Athens 2004, òdo. Beijing 2008, òdo.

5/ Kì í sì í ṣe pé wọn ò ní akọni o. Simon Lessing, tí wọ́n bí ní South Africa, tó ti gba ipò kìíní lágbàáyé lẹ́ẹ̀mẹ́rin, bá wọn lọ sí Sydney, ipò kẹsàn-án ló ṣe. Alistair Brownlee fúnra rẹ̀ wà ní Beijing, ipò kejìlá ló ṣe. Ṣé egungun wọn wá fúyẹ́ láàárín 2008 sí 2012 ni?

6/ Ohun tó yí padà ni owó. Ní Atlanta 1996, wúrà kan ṣoṣo ni gbogbo Ìlú Ọba mú bọ̀, nínú gbogbo eré pátápátá. Ojú tì wọ́n. Láti 1997 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í da owó lọ́tìrì sínú eré ìdárayá. Bẹ́ẹ̀ ni, owó tíkẹ́ẹ̀tì tí bàbá àgbà ń rà ní ṣọ́ọ̀bù àdúgbò.

7/ Triathlon nìkan o, wọ́n ná ohun tó ju mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn lé e lórí láti múra London sílẹ̀. Fún Rio, ó ju mílíọ̀nù 7 lọ. Àwọn àgbà ní owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Nínú eré yìí, owó ni kẹ̀kẹ́ gan-an. Owó ni omi. Owó ni ẹni tó dúró létí omi tó ń fọn fèrè.

8/ Mo ti gbọ́ yín: "Àwọn Brownlee ńkọ́? Wọ́n bí i mọ́ wọn ni." Ní London, Alistair gba wúrà, Jonny àbúrò rẹ̀ gba idẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fi ìṣẹ́jú àáyá 15 jẹ ẹ́ níyà torí ó tètè gun kẹ̀kẹ́. Ní Rio, ẹ̀gbọ́n tún gba wúrà, àbúrò gba fàdákà. Kò sẹ́ni tó ti dá gba wúrà eré náà lẹ́ẹ̀mejì rí ṣáájú Alistair.

9/ Ẹ wo ilé tí wọ́n ti jáde. Dókítà ni bàbá, dókítà ni ìyá. Ìbátan wọn kan ti ń ṣe triathlon káwọn tó mọ̀ ọ́n. Iléèwé olówó ni wọ́n lọ, tí wọ́n ti máa ń jẹ́ kí wọ́n jáde lọ sáré lákòókò oúnjẹ ọ̀sán. Mi ò sọ pé wọn ò ṣiṣẹ́ o! Iṣẹ́ wọn pọ̀. Mo ní ẹnìkan ló ń gbé wọn lọ síbi adágún kí wọ́n tó dàgbà tó wa mọ́tò.

10/ Leeds ni mo ti ṣe máásítà mi. Ibẹ̀ ni Brownlee Centre wà, ní Bodington, pẹ̀lú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó gùn tó máìlì kan tí mọ́tò ò gbọdọ̀ gbà. Ọmọdé á gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láìsí dáńfó kankan tó ń lé e. Ẹ wá lọ gun 40 kìlómítà lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó, kí ẹ padà wá bá mi sọ̀rọ̀ egungun.

11/ Leeds náà ni mo ti kọ́ ìwẹ̀, ní ọmọ ọdún 24. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹni tó ń kọ́ wa wò mí, ó ní: "Àwọn èèyàn bíi tiyín kì í sábà léfòó." Mo dákẹ́. Lọ́sẹ̀ keje, mo fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, mò ń wo àjà. Egungun kan náà tí ìyá mi bí mi pẹ̀lú rẹ̀ ni o.

12/ Ṣé ẹ̀rí lẹ fẹ́? Anthony Nesty, ọmọ Suriname, gba wúrà ìwẹ̀ ní 1988. Simone Manuel, ọmọ Amẹ́ríkà, gba ti ẹ̀ ní Rio 2016. Aláwọ̀ dúdú làwọn méjèèjì. Ẹ má tiẹ̀ lọ jìnnà: ẹ lọ sí Ayétòrò, lọ́dọ̀ àwọn Ìlàjẹ. Ọmọ tí eyín rẹ̀ ò tíì pé ń bẹ́ sómi látinú ọkọ̀. Ọ̀dọ̀ òyìnbó wo ló ti lọ yá egungun?

13/ Síbẹ̀, Sport England sọ pé ní England, 95% àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú ni kì í lúwẹ̀ẹ́, àti 80% àwọn ọmọdé wa. Tí nǹkan bá rí báyìí, ìlẹ̀kùn ló yẹ kẹ́ ẹ yẹ̀ wò, kì í ṣe egungun.

14/ Ẹ jẹ́ ká yẹ ìlẹ̀kùn ọ̀hún wò. Alex Yee, tí ìdílé bàbá rẹ̀ ti Ṣáínà wá, ọmọ Lewisham ni, ní gúúsù London. Ẹgbẹ́ Crystal Palace Triathletes ló ti bẹ̀rẹ̀. Apá gúúsù London yẹn kan náà ni Peckham wà, níbi tí ẹ ti lè fi Yorùbá ná ata láìwá ògbufọ̀.

15/ Adágún 50 mítà kan wà ní Crystal Palace. 31 July 2024 ni Yee gba wúrà. Àsíá ń fẹ́ ní Paris; ẹ jẹ́ ká bèèrè ta ló ń rí adágún wọ̀ nílé.

16/ Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń gbé lápá ibẹ̀, ọmọ ọdún 10 ni. Ìlànà ẹ̀kọ́ England ní kí gbogbo ọmọ mọ ìwẹ̀ 25 mítà kí wọ́n tó parí praímárì. Iléèwé rẹ̀ kó wọn lọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ògiri ló dì mú. Mo bi í léèrè ìdí, ó ní: "Àǹtí, omi kì í ṣe tiwa." Ẹ gbọ́, òyìnbó kọ́ ló kọ́ ọ. Nínú pálọ̀ wa ló ti gbọ́ ọ.

17/ Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyí. Gbogbo ìgbà tá a bá ní "egungun wa wúwo", ńṣe là ń bá wọn ti ìlẹ̀kùn náà látinú. Ta ló fẹ́ náwó ṣí adágún fún ẹni tó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ò wẹ̀?

18/ Ọ̀rọ̀ wúrà nìkan sì kọ́. Nígbà tí mo wà ní SS2, a lọ gbafẹ́ létíkun, omi gbé ọmọ kíláàsì wa kan lọ. Gbogbo wa dúró létí omi, à ń pariwo. Kò sẹ́nì kan tó mòwẹ̀ nínú wa. Níbi ìsìnkú rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ egungun yìí. Wọ́n fi ń tu ìyá rẹ̀ nínú.

19/ Torí náà, ẹ̀yin ará Ìlú Ọba, ẹ ṣí àwọn adágún yín. Àmì ẹ̀yẹ 11 ò ní kí ọmọ Peckham má rì. Ẹ̀yin èèyàn mi, tí adágún bá wà nítòsí yín, ẹ mú ọmọ kan lọ, kẹ́yin náà wọ inú rẹ̀. Èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń lọ ní Sátidé. Ògiri ló ṣì máa dì mú, mo mọ̀. A tún máa lọ ní Sátidé tó tẹ̀ lé e.

20/ Ẹ kọ ibi tí ẹ ti kọ́ ìwẹ̀ sísàlẹ̀ yìí, kí ẹlòmíì lè rí i lò. Ẹni tó bá tún kọ "egungun" síbẹ̀, màá bulọ́ọ̀kù ẹ̀ ni.