Kí Ẹ Tó San Owó Ọdún Kẹta

 

Bàbá kan ló fa ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí. Ó kó ìwé ọmọ rẹ̀ sínú àpò ọ̀rá, ó wá bá àwa olùkọ́. Ọmọ náà ti lo ọdún méjì ní ilé ìwé gíga aládàáni kan, ẹ̀ka gestion. Ó fẹ́ lọ ṣe ọdún kẹta níbòmíràn. Nígbà tí wọ́n wo ìwé rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ní kò tíì lè wọlé: kò yege nínú statistique, comptabilité ọdún kejì rẹ̀ náà kò pé. Bàbá ní owó ẹ̀yìn ni wọ́n ń wá. Ilẹ̀ ló tà kí ọmọ yìí lè kàwé. Ó ní kí a bá òun bẹ̀ wọ́n.

Àánú rẹ̀ ṣe wá gan-an, ṣùgbọ́n a kò bá a bẹ̀ wọ́n. Ẹ jẹ́ kí a sọ ìdí rẹ̀.

Nínú ètò LMD tí à ń lò ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, ọdún mẹ́ta ni licence. Semestre mẹ́fà ni, crédit 30 ni semestre kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 180. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ọdún kẹta láìjẹ gbèsè kankan, 120 ló yẹ kó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í sì ṣe iye nìkan ni wọ́n ń wò. Ọdún méjì àkọ́kọ́ ni ọmọ ń kọ́ ìṣirò, statistique, ètò ọrọ̀ ajé, òfin àti comptabilité. Ọdún kẹta ni wọ́n ń kọ́ ọ bí a ṣe ń yẹ ìwé owó ilé iṣẹ́ wò, bí a ṣe ń mọ̀ bóyá òwò ń jèrè tàbí ó ń jẹ gbèsè. Ta ni yóò yẹ ìwé owó ẹlòmíràn wò tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n kọ? Ọmọ iṣẹ́ télọ̀ tí kò tíì mọ aṣọ gé, kò sí ọ̀gá tó máa ṣe òmìnira fún un.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní Nàìjíríà, ẹni tó bá fẹ́ gba Direct Entry wọ ọdún kejì ní ẹ̀ka ìṣirò owó yóò gba fọ́ọ̀mù JAMB, yóò mú ìwé ẹ̀rí tó ju ti girama lọ wá, wọ́n á sì tún béèrè kírẹ́díìtì márùn-ún ti girama, tí ìṣirò àti èdè Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ yunifásítì ló wà tí ọmọ máa ń lo nǹkan bí ọdún méjì kó tó kọ̀wé béèrè láti wọ ẹ̀ka òwò gan-an. Máàkì rẹ̀ nínú ìṣirò, statistique, comptabilité àti ètò ọrọ̀ ajé ni wọ́n máa wò. Ó lè jẹ́ ọmọ yunifásítì náà, kí ẹ̀ka òwò má gbà á.

Ṣé a rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ní ìparí ọdún 2023? Ìròyìn jáde pé akọ̀ròyìn kan láti Nàìjíríà gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì kan ní Kútọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba Nàìjíríà dá ìfọwọ́sí ìwé ẹ̀rí láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dúró. Ẹni tó ra ìwé àti ẹni tó fi ọdún mẹ́ta jí ní òru kàwé, ojú kan náà ni wọ́n fi wò wọ́n. Àwọn ọmọ wa tó ń wá iṣẹ́ ní Èkó àti Ìbàdàn wà nínú wọn. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ṣùgbọ́n a kò ní í gbè sẹ́yìn ilé ìwé nínú ohun gbogbo. Àwọn kan máa ń gba owó ìforúkọsílẹ̀ tán kí wọ́n tó sọ ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ ní. Èyí kò dára. Ó yẹ kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri, kí bàbá àti ìyá rí i kí wọ́n tó tú àpò. Bákan náà, ọmọ tó gba BAC série A kò ṣẹ̀. Bí ó bá fẹ́ kọ́ gestion, kí wọ́n fún un ní ẹ̀kọ́ àfikún tí yóò fi bá àwọn yòókù dọ́gba. Ẹ má ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn, ẹ gbé àkàbà fún un.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó san owó, ẹ béèrè ohun mẹ́ta. Èkíní: crédit mélòó, nínú ẹ̀kọ́ wo, ni ọmọ gbọ́dọ̀ ní kó tó wọ ọdún kẹta? Èkejì: ṣé ìjọba fọwọ́ sí ilé ìwé yìí àti ẹ̀ka yìí, àbí ọmọ ṣì máa ṣe ìdánwò ti ìjọba ní ìparí? Ẹ̀kẹta: bí ẹ̀kọ́ kan bá kù, níbo ni yóò ti tún un ṣe, èló sì ni? Ẹ gba èsì náà sórí ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ṣe rìsíìtì.

Àwa olùkọ́ náà ní ẹ̀bi tiwa. Ìgbà mélòó ni a ti sọ fún ọmọ pé, "Ìwọ kò mọ ìṣirò, lọ ṣe commerce"? Irọ́ la pa fún un. Ìṣirò tó sá fún ní kíláàsì wa ló ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ọdún kẹta.

Ọmọ bàbá yẹn ti padà lọ ń tún statistique ṣe. Ọdún kan ti lọ, ó dùn wọ́n, ó dun àwa náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá wọlé, kò sẹ́ni tó máa lè sọ pé ó ra á.

Ẹ sọ èrò tiyín fún wa. Ẹ sì fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí òbí tó bá ní ọmọ ní Terminale.