Rotary Kì í Ṣe Ẹgbẹ́ Awo: Ọ̀rọ̀ sí Ẹ̀yin Ará Ọ̀tùn àti Gbogbo Mọ̀bà



Níbi ìsìnkú kan ní Ọ̀tùn yìí ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Olóògbé jẹ́ olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Ìlú ńlá ló ti ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ló sì ti wọ ẹgbẹ́ Rotary. Ọkùnrin mẹ́ta àti obìnrin kan láti inú ẹgbẹ́ náà sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n wọ kóòtù, àmì kékeré aláwọ̀ wúrà kan wà láyà oníkálukú wọn. Wọn ò tíì jókòó tán tí ìyá àgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi fa ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ó ní, “Àwọn awo rẹ̀ ti dé. Wọ́n fẹ́ wá gba òkú wọn.” Kí n tó wẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ ti dé ẹ̀yìnkùlé lọ́dọ̀ àwọn tó ń gúnyán. Àbúrò olóògbé tọ̀ mí wá: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó ku àwọn nìkan sọ́dọ̀ òkú o.”

Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n ka ìwé ìdárò tí kò kún ojú ìwé kan, wọ́n fi àpòòwé lé opó lọ́wọ́, wọ́n jẹ iyán, wọ́n lọ. Obìnrin àárín wọn tilẹ̀ bu ẹ̀fọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ: Rotary, awo ni, Lions, awo ni, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ti fi ọmọ rẹ̀ kan dí i. Pásítọ̀ ń sọ ọ́, ááfà ń sọ ọ́, ọlọ́kadà ń sọ ọ́, àwọn tó kàwé gan-an ń rọra sọ ọ́. Irọ́ ni. Èmi kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kankan nínú méjèèjì, kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí níṣẹ́ ìwé yìí, àwọn nǹkan kan sì wà lára wọn tí kò tẹ́ mi lọ́rùn, n ó sọ ọ́ bó bá yá. Ṣùgbọ́n irọ́ ni, irọ́ náà sì ti ṣe wá léṣe.

Ó yẹ kójú tì wá láti máa pe ohun tí kì í ṣe awo ní awo, torí àwa Yorùbá mọ awo. Awo ní ilédì, kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ ló ń wọ ibẹ̀. Awo ní ìmùlẹ̀. Ẹni tó mulẹ̀ kì í kọ lẹ́tà pé òun ò ṣe mọ́. Ohun tí awo bá sì jọ rí, wọn kì í wí i lójú ọ̀gbẹ̀rì. Àwọn tó kọ òfin ilẹ̀ wa náà mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Abala 318 nínú ìwé òfin ọdún 1999 là á sílẹ̀: ẹgbẹ́ òkùnkùn ni èyí tó ń lo àmì tàbí ìbúra ìkọ̀kọ̀, tó ń ti ọmọ ẹgbẹ́ lẹ́yìn láìwo ẹ̀tọ́ ẹlòmíì, èyí tó ń mú ọmọ ẹgbẹ́ búra pé kò ní tú àṣírí, èyí tí aráàlú ò mọ iṣẹ́ rẹ̀, tó ń fi orúkọ àwọn èèyàn rẹ̀ pamọ́, tó ń ṣèpàdé ní bòókẹ́lẹ́.

Ẹ wá gbé Rotary sórí òṣùwọ̀n yẹn. Ẹ lọ sí òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti ń pàdé ní ìlú ńlá, pátákó wà lára ògiri tó sọ ọjọ́ àti aago. Àlejò ń wọlé, wọ́n á tilẹ̀ ní kó dìde kí wọ́n kí i. Ààrẹ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń gorí àga ní ọjọ́ 1 oṣù Keje, ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún kejì ló ń sọ̀ kalẹ̀. Ọdún kan péré náà ni gómìnà tó ń bójú tó àkójọ àwọn ẹ̀ka, ọdún kan náà ni ààrẹ gbogbo àgbáyé. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá fi ààrẹ tuntun jẹ, àwòrán rẹ̀ wà nínú ìwé ìròyìn, wọ́n á pín káàdì ìpè, ìyàwó rẹ̀ á ra aṣọ ẹbí. Ẹ fi èyí wé àwọn ẹgbẹ́ tiwa tí alága ti jókòó láti ayé Ṣàgàrí, tí kò sẹ́ni tó mọ iye tó wà ní báńkì. Nínú àwọn méjèèjì, èwo ló jọ awo?

Kò sí ìbúra àṣírí. Ìbéèrè mẹ́rin ni wọ́n máa ń kà, èyí tí Herbert Taylor, oníṣòwò ará Chicago, kọ ní 1932 nígbà tí gbèsè fẹ́ pa ilé-iṣẹ́ tó ń darí: ohun tí a fẹ́ sọ tàbí tí a fẹ́ ṣe, ṣé òótọ́ ni, ṣé kò rẹ́ ẹnì kankan jẹ, ṣé yóò mú ìrẹ́pọ̀ wá, ṣé gbogbo ẹni tọ́rọ̀ kàn ni yóò jàǹfààní rẹ̀. Ká ní àwọn tó gbé ìròyìn òkú kiri lọ́jọ́ ìsìnkú yẹn bi ara wọn ní ti àkọ́kọ́ nìkan, ọ̀rọ̀ náà ì bá má kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ẹ ó ní: bí kì í bá ṣe awo, kí ló dé tó fi jẹ́ pé wọ́n gbọ́dọ̀ pe èèyàn kó tó wọlé? Ìbéèrè gidi nìyẹn, n kò ní fò ó. Ta ló ń gba owó èsúsú láìní onídùúró ní Ọ̀tùn? Ẹgbẹ́ tó ń ná owó ọwọ́ ara wọn, dandan ni kí wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó ń bọ̀. Látìbẹ̀rẹ̀ ni Rotary sì ti ń wá onírúurú iṣẹ́: nígbà àtijọ́, lọ́yà kan, télọ̀ kan, dókítà kan, kí oníṣòwò ẹran méjì má baà máa bá ara wọn jà nínú ẹgbẹ́. Ìpè yẹn wá láti inú ìyẹn.

Bí ẹgbẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ kò lè ṣàjèjì sí ọmọ Èkìtì. Paul Harris, lọ́yà tí bàbá àgbà àti ìyá àgbà tọ́ ní Wallingford, ìlú kékeré kan ní Amẹ́ríkà, dé Chicago, ìdánìkanwà ń han án léèmọ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 1905, òun àti ọ̀rẹ́ mẹ́ta jókòó pọ̀: Silvester Schiele tó ń ta èédú, Hiram Shorey tó jẹ́ télọ̀, àti Gustavus Loehr, ẹnjiníà ìwakùsà, tó ni ọ́fíìsì tí wọ́n lò. Ìpàdé ń yípo láti ọ́fíìsì ẹnì kan sí ti ẹnì kejì. Yíyípo yẹn ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Rotary. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó nígbà ogun Kírìjì náà kó ara wọn jọ bẹ́ẹ̀, wọ́n pè é ní Èkìtìparapọ̀, wọ́n sì ń fi ìbọn ránṣẹ́ sílé. Ìbọn o! Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó pè wọ́n ní ẹgbẹ́ awo. Iṣẹ́ ìlú àkọ́kọ́ tí àwọn ará Rotary Chicago jà fún, ní 1907, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbogbòò ni. Mi ò tíì gbọ́ awo kan láyé tó bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ẹgbẹ́ náà dé Nàìjíríà ní 1961. Lions, tí Melvin Jones dá sílẹ̀ ní Chicago kan náà ní 1917, ń tọ́jú ojú ní tirẹ̀, láti ìgbà tí Helen Keller, obìnrin afọ́jú tó tún jẹ́ adití, ti bẹ̀ wọ́n ní 1925.

Níbo wá ni irọ́ gbà wọlé? Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Ní 1914, àlùfáà Áńgílíkà kan ní Èkó, T. A. J. Ogunbiyi, dá Ògbóni ti àwọn Kìrìsìtẹ́nì sílẹ̀, èyí tó di Reformed Ogboni Fraternity. Àwọn adájọ́, àwọn dókítà, àwọn tó ń wọ kóòtù ló kún ibẹ̀. Ní 1952, Wole Soyinka àti ọ̀rẹ́ mẹ́fà dá ẹgbẹ́ Pyrates sílẹ̀ ní yunifásítì Ìbàdàn. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tó hù lẹ́yìn rẹ̀ ló wá di èyí tí ń fi àdá àti ìbọn pa ọmọ ọlọ́mọ. Aráàlú rí kóòtù, wọ́n rí àmì, wọ́n gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, wọ́n da gbogbo rẹ̀ sínú igbá kan. Mi ò bá ìyá àgbà ọjọ́ ìsìnkú yẹn wí. Àwọn tó kàwé, tó lè bi èèyàn léèrè, tí kò béèrè, àwọn ni mo ń bá wí.

Ẹ sì wo ohun tí irú irọ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Láti 1985 ni Rotary ti dáwọ́ lé lílé àrùn rọpárọsẹ̀ kúrò láyé. Ní 1988, nígbà tí àjọ ìlera àgbáyé dara pọ̀ mọ́ ọn, nǹkan bí 350,000 ọmọ ló ń rọ lọ́dọọdún ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 125. Ní oṣù Keje ọdún 2003, Jonathan Majiyagbe, lọ́yà tó fi Kánò ṣe ibùjókòó, di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó jẹ ààrẹ Rotary gbogbo àgbáyé. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Kánò kan náà dá àjẹsára rọpárọsẹ̀ dúró. Kí ló dé? Wọ́n ní ó ń sọ ọmọbìnrin dàgàn. Fún bí ọdún kan ni àrùn fi rìn bó ti wù ú, ó ti Àríwá wa wọ orílẹ̀-èdè mìíràn. Ọdún 2016 la tó rí ọmọ tó kẹ́yìn tí rọpárọsẹ̀ àdáyébá mú, ní Bọ̀rọ̀nú, ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n sì kéde pé Áfíríkà bọ́ lọ́wọ́ irú èyí. Ẹ má sọ pé Kánò jìnnà. Ní àdúgbò mi níbí, mo rí ìyàwó ilé tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ rẹ̀ nígbà tí àwọn tó gbé kúlà àjẹsára dé, torí àgbá kẹ̀kẹ́ tó jẹ́ àmì Rotary wà lára fìlà wọn.

Mo ṣèlérí pé n ó sọ èyí tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Títí di 1989, òfin Rotary kò gba obìnrin. Ẹ̀ka Duarte ní Kalifóníà gbà wọ́n, wọ́n lé ẹ̀ka náà jáde, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ló dá ẹ̀ka náà láre ní 1987. Obìnrin tó bu ẹ̀fọ́ lẹ́ẹ̀kejì yẹn, ká ní ogójì ọdún sẹ́yìn ni, ilẹ̀kùn ni ì bá rí. Lónìí ẹ̀wẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì àti gẹ̀ẹ́sì àti owó ọdọọdún ti ti àgbẹ̀ oníṣu síta. Mo sì ti rí kànga ẹ̀rọ tí pátákó orúkọ rẹ̀ ga ju kànga lọ, tí omi ti gbẹ nínú rẹ̀ kí ọ̀dà pátákó tó ṣí. Ẹ̀sùn tó yẹ ká fi kàn wọ́n nìyẹn, kí wọ́n sì dáhùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti pè wọ́n ní awo kò lè bi wọ́n ní ìbéèrè owó mọ́; ó ti bẹ̀rù wọn.

Lóṣù tó kọjá, àbúrò olóògbé tún wá. Ó ká aṣọ wé nǹkan kan lọ́wọ́, kò fẹ́ kí ó kan ara rẹ̀. Wọ́n bá àmì wúrà náà nínú àpótí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹnì kan ní kí wọ́n sun ún, ẹnì kan ní kí wọ́n jù ú sódò. Mo gbà á, mo mú un lọ sọ́dọ̀ bàbá tó ní ẹ̀rọ ìlọta nítòsí mi, mi ò sọ ohun tó jẹ́. Bàbá gbé e sún mọ́ ojú. Ó ka eyín rẹ̀, ó pé mẹ́rìnlélógún. Ó ka apá inú rẹ̀, mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ó fi èékánná kan ihò kékeré tó wà láàárín, ó rẹ́rìn-ín. “Ẹni tó ṣe èyí mọ iṣẹ́. Ibi tí kíì ń wọ̀ nìyí. Láìsí i, púlì á kàn máa yí lórí ọ̀pá lásán, ata ò ní lọ̀.” Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ya àgbá kẹ̀kẹ́ náà, ihò yẹn kò sí nínú rẹ̀, ní àwọn ọdún 1920 ni ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ sọ ohun kan náà tí bàbá sọ yìí, tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ sí i.

Bàbá fi aṣọ rẹ̀ tó kún fún èlùbọ́ nu àmì náà, ó dá a padà fún mi. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Ọmọbìnrin olóògbé ti tẹ̀ mí láago pé kí n bá òun tọ́jú rẹ̀, òun á wá mú un ní Kérésì.