Bàtà Awọ Kì í Ṣe Èèwọ̀ Ògún

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè bí àwọn kan nínú.

Nígbà tí a bọ Ògún kọjá ní Àpòmù, ọ̀dọ́mọkùnrin ọdẹ kan wọ bàtà awọ tí ó gùn dé ojúgun wá. Ó bọ́ ọ sílẹ̀ kí ó tó wọ ojúbọ, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ. Nígbà tí ó ń wọ̀ ọ́ padà láti gba inú igbó lọ, àgbà kan fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ṣé ọdẹ òyìnbó ni ìwọ ni?" Ojú ti ọmọ náà. Sílípáàsì ni ó wọ lọ ṣọdẹ nínú oko kòkó lóru ọjọ́ náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, oká ti bù ú ṣán ní ọrùn ẹsẹ̀. A dúpẹ́ pé kò kú, ṣùgbọ́n ó pẹ́ nílé ìwòsàn, ó sì ń tiro títí di òní.

Ta ni ó sọ fún wa pé bàtà jẹ́ èèwọ̀ Ògún? Òtítọ́ ni pé a kì í wọ bàtà dé iwájú òrìṣà, bí a kì í ti í wọ̀ ọ́ dé iwájú ọba. Ọ̀wọ̀ ojúbọ nìyẹn; kì í ṣe òfin igbó. Awọ ni àpò tí ọdẹ ń gbé kọ́ èjìká, awọ ni akọ̀ ọ̀bẹ rẹ̀. Àwọn oníṣọ̀nà Ọ̀yọ́ ti ń fi awọ dárà kí òyìnbó tó dé. Ọ̀bẹ ni a fi ń bó awọ, ọ̀bẹ ni a fi ń gé e, abẹ́rẹ́ ni a fi ń rán an. Ta ni ó ni irin, bí kò ṣe Ògún?

Bí ẹnì kan bá ní ohun àjèjì ni bàtà gígùn, kí ó rántí ìtàn ìlú wa. Ọjà Àpòmù yìí ni aáwọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ tí ó di ogun Òwu láàárín ọdún 1820 sí 1830. Àgèdèǹgbé ni àwọn Òwu gbẹ́kẹ̀ lé, ṣùgbọ́n àwọn Ìjẹ̀bú ti ní ìbọn láti etí òkun. Ìbọn tí òyìnbó mú wá yìí kan náà ni a ń gbé síwájú Ògún lónìí. Iná kábáìdì dé, ọdẹ dè é mọ́ iwájú orí. Tọ́ọ̀ṣì dé, ọdẹ gbà á. Ṣé ẹsẹ̀ nìkan ni kí a fi sílẹ̀ fún ejò?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ní ọdún 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka oró ejò mọ́ àwọn àìsàn tí ayé ti pa tì. Wọ́n ní ó ń pa ènìyàn tí ó tó 81,000 sí 138,000 lọ́dọọdún. Ẹsẹ̀ àti ọrùn ẹsẹ̀ ni ejò sábà máa ń bù ṣán. Bàtà kò lè dènà gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó sàn ju awọ ara lásán lọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo bàtà ni ó bá ilẹ̀ wa mu. Èyí tí wọ́n ṣe fún òkè olótùútù máa ń ní aṣọ nípọn nínú. Bí a bá wọ̀ ọ́ ní Ìkirè, òógùn yóò bo ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ yóò sì bó. Bàtà òjò onírọ́bà dára fún ẹrẹ̀ etí odò Ọ̀ṣun, ṣùgbọ́n kì í di ọrùn ẹsẹ̀ mú. Ẹ wá bàtà awọ tí kò ní aṣọ òtútù, tí ó ga kọjá ọrùn ẹsẹ̀, tí wọ́n rán ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọn, tí kì í ṣe gọ́ọ̀mù lásán ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá ń ra òkírìkà, ẹ tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọ bóyá ó ti sán. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ dán an wò, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ óò máa wọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lọ sóko fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó wọ̀ ọ́ lọ ṣọdẹ òru.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò le. Ẹ gbọn ẹrẹ̀ kúrò, ẹ ki bébà gbígbẹ sínú rẹ̀, ẹ gbé e sí ibòòji. Ẹ má yá a níná, nítorí iná máa ń mú kí awọ sán. Bí ó bá gbẹ, ẹ fi òrí díẹ̀ pa á kí ó lè rọ̀. Ẹni tí ó ń bọ Èṣù kò nílò kí n sọ ìdí tí n kò fi dárúkọ àdín. Lákòótán, ẹ gbọn bàtà náà dànù kí ẹ tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Àkeekèé fẹ́ràn ibi tí ó ṣókùnkùn.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn ẹgbẹ́ ọdẹ Ìkirè àti Àpòmù ni pé kí àwọn àgbà ṣíwájú. Kí a dá èésú, kí a máa ra bàtà fún àwọn ọmọ tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ ọdẹ. A ń sunkún pé àwọn ọ̀dọ́ kò wá sídìí Ògún mọ́, síbẹ̀ a ń fi èyí tí ó wá ṣe yẹ̀yẹ́. Akínkanjú tí ó mọ ìjà tí kò mọ ìsá, òun ní í bá ogun lọ.

Ògún kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ wa já wa jù sílẹ̀. Àṣẹ.